Ẹṣin Pupa Etí Síkáàfù

Mo ti sá fún ejò rí. Mo ti sá fún sójà. Mo ti sá fún agbowó-orí débi pé mo sùn sínú oko ẹ̀gẹ́ mọ́jú, tí ẹ̀fọn sì gba owó orí náà lára mi. Ṣùgbọ́n ohun tó dẹ́rù bà mí jù láyé mi kò ní eyín, kò ní ìbọn, kò sì mú ìwé ìjọba lọ́wọ́. Síkáàfù ni. Síkáàfù tí obìnrin fi ń bo orí, tí wọ́n ká sínú ọ̀rá, tí dírẹ́bà gbé fún wa lẹ́nu ọ̀nà.

Ìsẹ́yìn ni ilé wa. Òfì ni mo ń hun. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá wa tó fà mí padà sídìí òfì. Wọ́n ní ẹni tó bá ti lè ka lẹ́tà, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ tíṣà? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ń ran òwú. Ìgbà tí mò ń sọ yìí, ìgbà ìjọba alágbádá, òwú inú páálí ti gba ọjà, àwa ahunṣọ ò fi bẹ́ẹ̀ ra òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ran mọ́. Àwọn ìyá àgbà díẹ̀ ló kù tí wọ́n ṣì ń yí igi ìrànwú níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wọn, obìnrin, wà ní Rọ́ṣíà.

Ìjọba ló rán an lọ. Ó yege nínú ìdánwò kan, wọ́n ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà màlúù. Nígbà tí mo ka ìwé tí ìjọba kọ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni ìjọba.

“Dókítà màlúù? Ṣé àwọn Fúlàní ẹ̀yìn ìlú ti kó lọ ni, tí ọmọ mi fi gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó rí màlúù?”

Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó lọ. Láti ọjọ́ náà, àwọn ará àdúgbò ò pe orúkọ ọmọ náà mọ́ wọn mọ́. Ìyá Rọ́ṣíà ni gbogbo ayé ń pè wọ́n.

Lẹ́tà máa ń dé. Tó bá dé, ẹ̀gbọ́n mi á pè mí láti ìdí òfì, èmi á nu ọwọ́, èmi á ká ẹsẹ̀ jókòó bí àlùfáà, mà á sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n máa ń sunkún. Ìgbà tó yá, lẹ́tà dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ kan kọjá, òjò dé, òjò lọ, ọyẹ́ mìíràn tún dé, a ò gbọ́ nǹkan kan. Mo máa ń lọ sí pósọ́fíìsì débi pé akọ̀wé ibẹ̀ kì í jẹ́ kí n kí òun tán kó tó mi orí.

Inú ọyẹ́ náà ni dírẹ́bà Ìbàdàn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lẹ́yìn ìrun Àílà.

“Ibo ni ilé Ìyá Rọ́ṣíà? Ọkùnrin kan tó ti ọ̀hún dé ló ní kí n gbé èyí fún wọn.”

Kí n tó lè bi í pé ta ni ọkùnrin náà, mọ́tò rẹ̀ ti bu eruku sí mi lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi tú ọ̀rá náà. Síkáàfù ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ohun tó já bọ́.

“Lẹ́tà dà?”

“Kò sí lẹ́tà.”

“Wò ó dáadáa. Ṣebí ìwọ lo mọ̀wé.”

“Ẹ̀gbọ́n, kò sí bí èèyàn ṣe mọ̀wé tó tó lè ka èyí tí kò sí.”

A tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Òdòdó pupa tó tóbi tó àwo ìjẹun kún àárín rẹ̀, ewé aláwọ̀ wúrà sì yí wọn ká. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyẹ méjì kọjú síra wọn, igi kan dúró láàárín wọn, ìrù wọn ń jó bí iná. Ní etí aṣọ náà, yípo yípo, àwọn ẹṣin pupa tò tẹ̀lé ara wọn, ọrùn wọn ga, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékeléke. Mo yí ẹ̀yìn aṣọ wò bí ahunṣọ ṣe máa ń ṣe. Àwọ̀ ẹ̀yìn ṣá ju ti iwájú lọ. Ẹ̀rọ ló tẹ àwòrán náà sí i, wọn ò hun ún mọ́ ọn. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí ìyẹn, torí ìgbéraga ahunṣọ kì í pẹ́ jí. Lẹ́yìn náà ni mo tún wo àwọn ẹṣin yẹn. Kò sí gàárì lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí wọn.

“Àrokò ni,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Bàbá wa ló mọ àrokò. Láyé wọn, ẹni tó bá fẹ́ bá ará òkèèrè sọ̀rọ̀ á fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kọjú síra túmọ̀ sí pé mo fẹ́ rí ọ. Tí wọ́n bá so ó kọ̀yìn síra, má wá síbí mọ́ nìyẹn. Bàbá wa lè ka ẹrù àrokò tí wọ́n dì jọ bí ẹni ń ka Kùránì. Èmi gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ bí ọmọ ilé ṣe ń gbọ́ orin láti ẹ̀yìn ògiri. Mo mọ ohùn rẹ̀, mi ò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

“Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tó lọ sí yunifásítì, kí ló máa fi àrokò ṣe?”

“Wọ́n ní wọ́n máa ń tú lẹ́tà wò ní ìlú yẹn. Ọmọ mi gbọ́n. Orí ẹsẹ̀ bàbá wa ló ti gbọ́ ìtàn àrokò, ó sì mọ̀ pé ìwọ wà nílé. Ó ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú aṣọ. Kà á.”

Ẹ wá wo èmi tí n kò lè ka ìwé ìròyìn láìfi ìka tọ̀ ọ́, tí mo bẹ̀rẹ̀ sórí síkáàfù Rọ́ṣíà láti kà á.

Bàbá wa máa ń sọ pé láyé ogun, kí ìránṣẹ́ tó dé, ẹṣin ló máa ń kọ́kọ́ dé. Tí ẹṣin bá wọ agbolé, tí ẹni tó gùn ún lọ kò sí lórí rẹ̀, àwọn obìnrin ilé ò ní bèèrè ohunkóhun. Wọ́n á kàn máa tú irun orí wọn. Mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn, òógùn sì bò mí nínú ọyẹ́ tí ètè gbogbo ayé ti là. Ilẹ̀ aṣọ dúdú. Òdòdó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ẹṣin ti padà, kò sí ẹnì kan lórí wọn. Kò sí lẹ́tà láti ọyẹ́ dé ọyẹ́. Kí ni mo tún ń dúró gbọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi ò wo aṣọ náà mọ́. Ojú mi ni wọ́n ń wò.

“Kí ló wí?”

Mo fi ìka lé àwọn ẹyẹ igun aṣọ náà. “Ẹ wo ẹyẹ méjì yìí. Wọ́n kọjú síra bí owó ẹyọ. Ó ní òun fẹ́ rí yín.”

“Igi àárín wọn ńkọ́?”

“Ọ̀nà ló jìn.”

“Á wá ṣe báwo?”

“Ó ń bọ̀,” ni mo wí. “Ó ní òun ń bọ̀ wálé.”

Bí irọ́ náà ṣe jáde nìyẹn, kò tilẹ̀ kọsẹ̀ lẹ́nu. Wọn ò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ẹṣin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi pé wọn ò bi mí.

Kí n tó mọ̀, irọ́ mi ti di iṣẹ́ ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n rẹ́ yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì onírin wọlé. Wọ́n ra àwọ̀n ẹ̀fọn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti òtútù dé ti yí padà, ẹ̀fọn ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ ni wọ́n ń pè wá wo yàrá.

“Ọmọ mi ń bọ̀. Àbúrò mi ló ka àrokò rẹ̀.”

Àwọn èèyàn á wá kí mi kú iṣẹ́. Èmi á ní, “Ẹ ṣeun,” mà á sì máa wo ilẹ̀.

Àwọn Fúlàní máa ń gun ẹṣin kọjá lójú ọ̀nà wa. Bí mo bá gbọ́ pátákò ẹṣin báyìí, mà á dìde kúrò nídìí òfì, mà á lọ yọjú wò bóyá èèyàn wà lórí rẹ̀. Èèyàn máa ń wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, yóò sì kí mi. Mà á jẹ́ “Sànnu,” mà á padà jókòó sídìí òfì. Lọ́jọ́ kan mo hun òdì fún odidi àárọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí òfì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi fi ẹsẹ̀ ta mí.

“Bàbá Òfì, ṣé ìwọ lò ń hun aṣọ yìí ni, àbí aṣọ ló ń hun ọ́?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ lẹ́tà sí ọmọ náà, kí n sọ fún un pé yàrá ti ṣetán. Mo kọ ọ́. Mo lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Mo wá gbé e sábẹ́ ẹní mi, mo sì sọ fún wọn pé mo ti fi ránṣẹ́. Èrò mi ni pé ẹni tí kò bá béèrè kò ní gbọ́ èsì. Tí lẹ́tà ò bá lọ, kò sí bí ìwé òkú ṣe máa padà wá. Mo ń sùn lórí lẹ́tà náà lálaalẹ́ bí adìẹ tó sàba lórí ẹyin tí kò fẹ́ kó pa.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹnì kan ní Ṣakí ti ní kí n hun aṣọ fún òun, mo sì gbé e lọ. Mọ́tò ń jù wá sókè sódò nínú erùpẹ̀ pupa títí a fi kọjá Òtu, a kọjá Ọ̀kákà. Lẹ́yìn tí mo gbé aṣọ fún ẹni tó ni ín, mo gba inú ọjà kọjá. Obìnrin kan ń lọ níwájú mi. Mo gbé ojú sókè, ẹṣin pupa wà ní ìpàkọ́ rẹ̀.

Mo yára tẹ̀ lé e. Kí n tó bá a, ẹlòmíràn kọjá lọ́wọ́ òsì, ẹyẹ onírù iná wà lórí tirẹ̀ pẹ̀lú. Mo tẹ̀ lé wọn dé ìdí igbá kan. Àwọn síkáàfù náà wà níbẹ̀ ní òkìtì, dúdú, pupa, aláwọ̀ ewé, funfun. Òdòdó kan náà, ẹyẹ kan náà, ẹṣin kan náà. Ọmọge kan tí ń jẹ orógbó ló ń tà á.

“Bàbá, mélòó ni kí n ká fún yín?”

“Níbo lo ti rí èyí?”

“Kútọ́nú. Àwọn ará ọ̀hún àti àwọn Rọ́ṣíà ló ń ṣọ̀rẹ́ báyìí. Ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde bí ẹni ń tẹ búrẹ́dì.”

“Ẹṣin yìí, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

Ó wo ẹṣin náà bí ẹni tí kò rí i rí. “Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí ẹ bá ra méjì, mà á bu kún un fún yín.”

“Àwọn obìnrin tó wé e kọjá yẹn, ṣé ẹnì kankan kú nílé wọn ni?”

Orógbó dúró lẹ́nu rẹ̀. “Háà! Bàbá, ẹ má ṣépè sí ọjà mi o! Ìkómọ ni wọ́n ń lọ!”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ fún un pé kó kó igbá rẹ̀ sẹ́yìn. Láti ọyẹ́ ni mo ti ń dá nìkan ṣọ̀fọ̀, lórí ohun tí wọ́n ń dì lẹ́rù lẹ́rù gbé kọjá ẹnubodè! Mo jókòó sórí òkúta kan. Ẹ̀rín náà wá dáwọ́ dúró lójijì. Bí ẹṣin ò bá sọ pé ó kú, ẹyẹ náà ò sọ pé ó ń bọ̀. A ti rẹ́ yàrá, a ti kùn ún, aṣọ lásán ló rán wa níṣẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí ọmọ náà wà.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo ra bébà, mo jókòó sí pósọ́fíìsì Ṣakí, mo kọ lẹ́tà mìíràn. Mi ò dúró kí n dé ilé, torí mo mọ ara mi, mo sì mọ ẹní mi. Mo kọ ọ́ pé: “A rí síkáàfù, a ò rí lẹ́tà. Ṣé o wà láàyè? Dá wa lóhùn.” Ó dùn mí pé mi ò lè kọ ọ́ lọ́nà tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò sọ ohun tí mo rí fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé Ṣakí jìnnà. Ṣùgbọ́n ọjà kì í jìnnà sí obìnrin. Kò tó oṣù méjì tí síkáàfù náà fi wọ Ìsẹ́yìn. Aládùúgbò wa kan wé tirẹ̀ wá sí ojúlé wa, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“Ìyá Rọ́ṣíà, ẹ wo tèmi! Ọmọ tèmi náà fi àrokò ránṣẹ́, láti ìdí igbá Kútọ́nú!”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, wọ́n tú síkáàfù Rọ́ṣíà tó wà lórí wọn, wọ́n ká a ní mẹ́rin, wọ́n gbé e sínú yàrá aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò pe ẹnikẹ́ni wá wo yàrá mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bínú sí, mi ò sì ní ìgboyà láti bèèrè.

Ìgbà tí iṣu tuntun jáde ni akọ̀wé pósọ́fíìsì kò mi orí. Ó na lẹ́tà sí mi.

Mo sáré, àgbàlagbà bíi tèmi, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́. Ìwé náà jẹ́ ti ọwọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú ilé, wọ́n ń ran òwú. Wọ́n rí ìwé lọ́wọ́ mi, igi ìrànwú bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń yí lọ nílẹ̀.

“Ó wà láàyè,” ni mo pariwo kí n tó jókòó. “Ó wà láàyè!”

“Alihamudulilahi. Kà á.”

Mo kà á. Ọmọ náà ní òun ṣàìsàn ní ọyẹ́ tó ṣáájú èyí tó kọjá, wọ́n dá òun dúró sí ọsibítù fún ìgbà pípẹ́, òun ò sì fẹ́ kọ ìyẹn sí ìyá òun. Ara òun ti yá. Òun fi lẹ́tà sínú síkáàfù nígbà tí òun fún ọkùnrin náà, òun ò mọ ibi tó bọ́ sí. Ó ní, “Ẹ̀yin náà pẹ́ kí ẹ tó kọ̀wé sí mi. Mo rò pé inú ń bí yín.” Mo rántí abẹ́ ẹní mi níbẹ̀.

Ó kọ̀wé nípa síkáàfù náà pẹ̀lú. Ó ní àwọn àgbà ibẹ̀ ló ni àwọn àwòrán náà. Ara ilẹ̀kùn àti síbí onígi ni wọ́n máa ń kùn wọ́n sí tẹ́lẹ̀, kí ilé iṣẹ́ tó kó gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ. Ó ní, “Ẹṣin pupa yẹn ni mo torí rẹ̀ rà á. Ara pákó tí àwọn ìyá àgbà fi ń gbé òwú dúró tí wọ́n bá ń ran án ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní ẹṣin oòrùn ni. Mo rí i, mo rántí ìyá mi níwájú ilé. Mo ní, aṣọ àwọn tó ń ranwú rèé.”

Ẹṣin oòrùn! Ta ni yóò gun ẹṣin oòrùn, tí ìdí rẹ̀ ò ní jó? Ìdí iṣẹ́ òwú ni wọ́n bí mi sí, mo sì wo aṣọ àwọn tó ń ranwú, ìwé òkú ni mo kà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú. “Ibi tó ti sọ pé òun ń bọ̀ ńkọ́?”

Mo yí ìwé náà padà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí òun bá parí ẹ̀kọ́, wọ́n fẹ́ kí òun dúró ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, òun ò sì tíì mọ ohun tí òun máa ṣe. Ahọ́n mi ti gbé irọ́ àtijọ́ sókè, ó rọrùn bí omi. Mo wo ilẹ̀kùn yàrá aláwọ̀ ewé.

“Kò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun ò tíì mọ̀.”

“Lórí síkáàfù ńkọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?”

“Kò sí níbẹ̀ náà. Ẹṣin tí kò sí ẹni tó gùn ún ni mo rí.”

“Èmi náà rí i,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ṣé ìwọ nìkan ni bàbá wa sọ ìtàn ẹṣin fún ni? Kí n tó ní kí o kà á ni mo ti rí i. Mo ní bí ìwọ, ojo bíi tìrẹ yìí, bá lè la ẹnu sọ pé ó ń bọ̀, á jẹ́ pé òótọ́ ni. Ojo kì í lè pa irọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n mú igi ìrànwú nílẹ̀, wọ́n gbọn eruku rẹ̀ dànù.

“Lọ mú bírò wá. Ohun tí mo bá sọ ni kí o kọ. Má fi tìrẹ kún un. Kọ ọ́ pé mo ti rí ẹṣin. Kọ ọ́ pé yàrá wà. Kí o wá bi í fún mi, ní gbangba, bóyá ó ń bọ̀ tàbí kò bọ̀ mọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ lóòótọ́?”

“Kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Mo lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, mo sì gbé e lọ sí pósọ́fíìsì tààrà. Mi ò gba inú yàrá mi kọjá rárá.